Ojú Ìwé Tí A Kò Gbọdọ̀ Tẹ Nǹkan Sí

Ìbéèrè tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi mí jù ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Lotto, Mowe, ni pé kí ni a fi ń tẹ̀wé kí kọ̀ǹpútà tó dé. Tí mo bá ní ọwọ́ ni, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á rò pé àwàdà ni. Òótọ́ ni. Òjé kékeré ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ìka la fi ń mú wọn lẹ́yọ lẹ́yọ, a ó máa tò wọ́n ní ìdoríkodò títí wọ́n á fi di ọ̀rọ̀, tí ọ̀rọ̀ á fi di odidi ojú ìwé. Ẹni tó bá pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà lè ka ìwé lódì bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn.

Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ yìí. Mo ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ mo ṣì máa ń wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń rò ó pé iṣẹ́ wo ni kí ẹ fi ayé yín ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún yín, títí kan ibi tí mo ti ṣe é tì.

Ẹ̀kọ́ nípa ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, láyé ìgbà tí ẹni tó bá jáde ń retí pé iṣẹ́ ìjọba ti ń dúró de òun lẹ́nu ọ̀nà. Tèmi kò dúró dè mí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Ṣóbọ̀wálé ní Ìfọ̀, pé kí n máa bá wọn ka prúùfù fún oṣù díẹ̀, ìyẹn ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí a ń tẹ̀ kí a lè rí àṣìṣe. Oṣù díẹ̀ yẹn ló di gbogbo ayé mi. Owó ọ̀yà kò tó nǹkan, mi ò ní fi ìyẹn dá yín dúró.

Ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá kò jìnnà sí ojú irin. Tí rélùwéè bá ń bọ̀, àwọn lẹ́tà á máa gbọ̀n nínú àpótí, Ọ̀gá á gbé ọwọ́ sókè, gbogbo wa á dúró jẹ́ẹ́ títí yóò fi kọjá. Tó bá dúró ní ibùdókọ̀, àwọn obìnrin á sáré gbé ọsàn bíbó lọ sí ẹ̀bá fèrèsé. Òórùn èèpo ọsàn àti òórùn yíǹkì ti wọnú ara wọn ní imú mi. Títí di òní, tí mo bá gbóòórùn ọ̀kan, mo máa ń wò yíká bóyá èkejì wà nítòsí.

Ọ̀gá kúrú, ó dúdú, ó sì máa ń wọ síńgílẹ́ẹ̀tì funfun tí yíǹkì kì í kàn rárá. Mi ò mọ bó ṣe ń ṣe é. Kì í na ọmọṣẹ́. Nígbà kan mo to ìwé orin ìjọ kan, mo sì fo ẹsẹ kan. Ó gbé àpótí lẹ́tà mi, ó dà á sórí sìmẹ́ǹtì, òjé fọ́n ká gbogbo ilẹ̀.

“Ọ̀mọ̀wé,” ó ní, torí orúkọ tó ń pè mí nìyẹn, “máa ṣà á. Bó o bá ṣe ń ṣà á, máa kọ ẹsẹ tó o fò yẹn lórin.”

Odidi ọjọ́ méjì ni èmi Mùsùlùmí fi wà lórí ìkúnlẹ̀ tí mò ń kọ orin ìjọ. Àwọn tó ń kọjá ń bi Ọ̀gá pé ṣé mo ti gba Jésù ni. Ó ní kí wọ́n mú sùúrù, pé ó kù díẹ̀.

Òfin rẹ̀ kan le ju gbogbo èyí lọ. Iṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láìjẹ́ pé ẹni méjì ti kà á. Ọ̀kan á máa ka ti oníbàárà sókè, èkejì á máa fi ìka tọ tiwa. Bí oníbàárà bá wá gbé iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tó kà á gbọ́dọ̀ bi í ní ìbéèrè kan nípa ohun tó kọ. Bàbá kan láti Ibafo tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan nípa ewúrẹ́ sísìn. Nígbà tó dé, Ọ̀gá tì mí síwájú. Mo ní, “Bàbá, ewúrẹ́ funfun tẹ́ ẹ sọ ní orí kẹta, tó kọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, ṣé ó padà fún un lọ́mú?” Bàbá yìí gbé ìwé sílẹ̀, ó jókòó, ó sì sọ̀rọ̀ ewúrẹ́ fún wa títí oòrùn fi yẹ̀. Nígbà tó lọ, mo bi Ọ̀gá pé kí ló dé tí a ń fi àkókò ṣòfò bẹ́ẹ̀.

“Ṣé o rò pé nítorí ìwé títẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣe ń wá?” ó ní. “Ẹnì kan tó máa kà á ni wọ́n ń wá. Àwa la kọ́kọ́ wà níbẹ̀.”

Irinṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ẹ̀rọ ńlá tó ń fi awo irin pẹlẹbẹ tẹ̀wé dé, òjé di ohun tí a ń tà fún àwọn tó ń yọ́ irin. Ọ̀gá ṣaláìsí. Ilé ń pọ̀ sí i lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀, mo bá kó wá sí Mowe. Kọ̀ǹpútà dé lẹ́yìn náà. Ní báyìí, oníbàárà á gbé iṣẹ́ wá nínú fíláàṣì, a ó kì í bọ kọ̀ǹpútà, a ó tẹ̀ ẹ́. Kíkà sókè dáwọ́ dúró. Mi ò rántí ọjọ́ tó dáwọ́ dúró, ìyẹn ló ń ṣe mí ní kàyéfì jù. Kò sí ọjọ́ tí mo pinnu. Ta ló fẹ́ jókòó máa ka káàdì ìgbéyàwó sókè fún ẹlòmíràn?

Ìgbà yẹn ni àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé sí agbègbè wa, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń kọ̀wé. Mo tẹ̀ tó bí ìwé márùn-ún fún wọn. Mo máa ń ṣí wọn wò lóréfèé nígbà tí yíǹkì bá ń gbẹ, ohun kan sì máa ń yà mí lẹ́nu. Mo rò pé ìró ìbọn ni màá bá níbẹ̀. Oúnjẹ ni mo ń bá. Bàtà tó mu omi. Òjò. Ẹni tó ń hanrun. Kí ló dé tí ẹni tó lọ sójú ogun fi ń kọ̀wé nípa ìrẹsì tó jóná? Mo máa ń bi ara mi, n ó pa ìwé dé, n ó bá iṣẹ́ lọ. Ogun tó jìnnà ni. Àwọn tó lọ ti dé, àwọn tí kò dé kì í ṣe ẹbí wa.

Sájẹ́ǹtì Lásísì wọlé wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fi okùn bàtà so fíláàṣì kọ́rùn. Ó ga, ó ń tiro díẹ̀. Ó wà lára àwọn ọmọ ogun tí wọ́n kó lọ sí Làìbéríà, ó sì ti fi ọdún mẹ́jọ kọ ohun tójú rẹ̀ rí sínú ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ iléèwé. Ọ̀dọ́kùnrin kan ní Ibafo ló bá a tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà.

“Ọ̀gá, ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀dà ni mo fẹ́,” ó ní. “Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àwa tí a jọ lọ máa pàdé nílé mi. Olúkúlùkù máa gbé tirẹ̀. Màá pín ìyókù káàkiri, títí dé Ìfọ̀.”

“Ìfọ̀ kẹ̀? Ta lẹ ní níbẹ̀?”

“Ẹ máa rí i nínú ìwé náà.”

Mo ní kò burú. Mi ò rí i, torí mi ò kà á.

Bùsọ́lá ló ń to iṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà fún wa. Abilékọ ni, òun ló ni ṣọ́ọ̀bù báyìí, ó sì mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ yẹn jù mí lọ fíìfíì. Lọ́jọ́ Ajé ó pè mí.

“Daddy, ojú ìwé kan ṣófo láàárín o. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.”

Ẹni tó bá mọ ilé ìtẹ̀wé lọ́dọ̀ wa mọ̀ pé a kì í fi ojú ìwé sílẹ̀ lófìfo. Tó bá jẹ́ ìwé ìsìnkú, a ó fi òdòdó sí i tàbí àdúrà. Bí kò bá sí nǹkan mìíràn, ìpolówó tiwa la ó fi dí i. Oníbàárà kì í bínú sí ìyẹn. Òfìfo ni wọ́n ń bínú sí, wọ́n á ní a fi ìwé ṣòfò.

“Ṣé kí n kọ́kọ́ pe Bàbá Sójà ná?”

“Fún kí ni? Ẹni tó bá wọn tẹ̀ ẹ́ ló ṣe àṣìṣe. Fi ìpolówó wa sí i.”

Ọjọ́rú ni Sájẹ́ǹtì dé. Ìdì ìwé ti wà lórí tábìlì, ó dán, ó mọ́, inú mi dùn sí i. Ó mú ẹ̀dà kan. Kò wo orúkọ ara rẹ̀ lẹ́yìn ìwé bí gbogbo wọn ṣe máa ń ṣe. Ó ṣí i tààrà sí àárín. Ó wò ó. Ó yí ojú ìwé padà, ó tún yí i sẹ́yìn. Ó gbé e sílẹ̀, ó mú òmíràn, bóyá ẹyọ kan ló bàjẹ́. Ó mú ẹ̀kẹta.

“Ta ló ka ìwé yìí nínú yín?” ó ní.

Bùsọ́lá wò mí. Mo wo tábìlì.

Ó na ìwé sí mi, ó fi ìka sí ìsàlẹ̀ ojú ewé tó wà lápá òsì. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: “Orúkọ tó wà láyà ẹ̀wù rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ó yá ẹ̀wù yẹn wọ̀ nítorí pé tirẹ̀ tutù. Mi ò béèrè orúkọ rẹ̀. Ojú ìwé tó tẹ̀ lé èyí, òun ni mo fi sílẹ̀ fún. Kí ẹnikẹ́ni má kọ nǹkan kan sí i títí màá fi mọ orúkọ rẹ̀.”

Mo wo apá ọ̀tún. Ìyàwó àti ọkọ ń rẹ́rìn-ín nínú àwòrán aláwọ̀ mèremère. Lábẹ́ wọn: “Ẹ kàn sí wa fún káàdì ìgbéyàwó tó rẹwà, kàlẹ́ńdà, ìwé ìsìnkú. Ìtẹ́lọ́rùn yín ni ayọ̀ wa.”

Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi ìbínú lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Wọ́n ti fi ìwé lù mí lórí rí. Sájẹ́ǹtì kò pariwo. Ó wá àga, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún.

“Mo ti kọ lẹ́tà nípa ọkùnrin yìí títí,” ó ní. “Kò sẹ́ni tó fèsì. Àwọn ará ilé mi ní kí n gbàgbé. Mo wá sọ fún ara mi pé, ó dáa, onítẹ̀wé á kà á. Ó kéré tán, ẹnì kan á kà á.”

Ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Ṣóbọ̀wálé ló ń sọ láìmọ̀. Mo ní kí ó lọ gbé àkọsílẹ̀ tó fọwọ́ kọ wá. Ilé rẹ̀ kò jìnnà, ó lọ, ó sì padà. Ó di ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ mú, èmi mú ẹ̀dà tí a tẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé kìíní, mo ń kà á sókè.

Ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, oníbàárà ń wọlé. Ọkùnrin kan tó wá tẹ ìwé ìkéde ìsọjí dúró, ó gbọ́ díẹ̀.

“Bàbá, ogun ibo lẹ ń kà yẹn?”

“Làìbéríà,” Sájẹ́ǹtì dá a lóhùn.

“Ẹ̀n-ẹ́n. Èyí tó ti pẹ́ yẹn. Ṣebí àwọn fúnra wọn ló ń bá ara wọn jà?”

“Àwa la lọ là wọ́n. Wọ́n bá gbàgbé ara wọn, wọ́n kọjú sí wa.”

“Ṣé wọ́n ń fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà yẹn?”

“Wọ́n ń fi hàn. Ẹ ò wò ó ni?”

Ọkùnrin náà ronú, ó sì sọ òótọ́. “Bọ́ọ̀lù ni mò ń wò, sà.”

Sájẹ́ǹtì rẹ́rìn-ín títí omi fi lé sí i lójú. “Àwa náà ń wá rédíò tó máa sọ bọ́ọ̀lù,” ó ní. “Ta ló borí?” Ọkùnrin náà kò rántí. Ó fa àga, ó jókòó, kò sì bi wá léèrè iṣẹ́ tirẹ̀ mọ́.

Mo kà dé ọ̀dọ̀ ọkùnrin tí kò lórúkọ. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ọkọ̀ kan já a sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn láti ẹgbẹ́ ọmọ ogun mìíràn. Òun àti Lásísì jọ jẹ agolo sàdíìnì kan. Ọwọ́ òsì ló fi ń jẹun, àwọn yòókù sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ta ló tọ́ ọ. Ó ní bí òun bá padà sílé, òun á lọ sí ìdí rélùwéè ní Ìfọ̀, òun á ra ọsàn, òun á jẹ ẹ́ títí inú á fi máa run òun. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n lọ pọnmi létí odò. Ó wà níwájú, Lásísì wà lẹ́yìn. Ìbọn dún lẹ́ẹ̀kan. Ní ọjọ́ kejì wọ́n kó kúrò níbẹ̀, kò sì sí ìwé tó sọ ẹni tó wà nínú ẹ̀wù yẹn.

Mo dá kíkà dúró. Ìdí rélùwéè ní Ìfọ̀. Mo mọ ọsàn yẹn. Mo mọ àwọn obìnrin tó ń tà á. Ó ṣeé ṣe kí ọkùnrin yìí ti kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù wa, kí èmi pàápàá ti gbójú sókè wò ó. Mo wá ń rò ó pé lọ́jọ́ tó kú, kí ni mò ń ṣe? Bóyá èmi àti oníbàárà ń jiyàn lórí àwọ̀ kàlẹ́ńdà. Rédíò ń sọ̀rọ̀ ogun yẹn lórí pẹpẹ nígbà náà, mo máa ń yí i sí ibi tí wọ́n ti ń kọrin.

“Ibẹ̀ ni èmi náà máa ń dúró,” Sájẹ́ǹtì ní. “Ẹ máa kà lọ.”

A kà á tán ní ọjọ́ kejì. A kò lè tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀ kí Sátidé tó dé, a kò sì lè gé ojú ìwé yẹn kúrò, torí ọ̀rọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọgbọ́n àtijọ́ la dá. Bùsọ́lá gé bébà funfun, mo fi gọ́ọ̀mù sí i, Sájẹ́ǹtì ń lẹ̀ ẹ́ bo ìpolówó náà, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ. Ọkùnrin ìsọjí padà wá gbé iṣẹ́ rẹ̀, ó bá wa to èyí tó ti gbẹ. Ọ̀ọ́dúnrún ni gbogbo rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé ojú ìwé náà síbi ìmọ́lẹ̀, ẹ ṣì máa rí òjìji ìyàwó àti ọkọ tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Sájẹ́ǹtì rí i. Ó ní kò burú, pé bóyá ọkùnrin náà ì bá fẹ́ ṣègbéyàwó.

Wọ́n ṣe ìpàdé wọn. Ó pín ìwé dé Ìfọ̀ lóòótọ́, ó sì fi ìdì kan sílẹ̀ lórí káńtà wa fún ẹni tó bá fẹ́. Àwọn tó ń dúró de iṣẹ́ wọn máa ń mú un, wọ́n á wo ẹ̀yìn rẹ̀, tí ooru bá mú, wọ́n á fi fẹ́ ara wọn. Mo ń wò wọ́n, mi ò lè bá wọn wí.

Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ìyá kan láti Ajuwọn wá ṣe káàdì ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ìyá Kúdí ni wọ́n ń pè é. Iná lọ, iṣẹ́ kò yá, ó mú ìwé kan lọ sílé. Nígbà tó padà wá gba káàdì, ó gbé ìwé náà wá. Ó ṣí i sí ojú ìwé funfun yẹn níwájú mi, ó sì kúnlẹ̀.

“Ẹ má bínú, Bàbá. Ibi tó ṣí sí yìí nìkan ni mo kà, mo sì rí i pé wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má kọ nǹkan sí i. Mo ti kọ ọ́.”

Bírò búlúù ló fi kọ ọ́: Mukaila Akanbi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ó lọ sójú ogun náà, wọ́n sì sọ fún àwọn òbí wọn pé wọn kò rí i mọ́. Ìfọ̀ ni wọ́n dàgbà sí.

Mo ránṣẹ́ pe Sájẹ́ǹtì. Ó dé, ó ń tiro, ó wo orúkọ náà fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó jókòó.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́,” ó ní, “ọwọ́ wo ni ó fi ń jẹun?”

“Ọ̀tún ni, sà.”

Mo rí i tí èjìká rẹ̀ wálẹ̀. Ó pa ìwé náà dé díẹ̀díẹ̀. Ìyá Kúdí wò wá, ó rí i pé òun ti sọ nǹkan kan, kò sì mọ ohun tó jẹ́.

“Ọ̀tún ló fi ń jẹun tí bàbá wa bá ń wò,” ó ní. “Bàbá máa ń fi pàṣán na ti òsì. Tí bàbá bá ti jáde báyìí, ó padà sí òsì nìyẹn.”

Sájẹ́ǹtì fi ọwọ́ bojú. Nígbà tó gbé e kúrò, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

“Mi ò lè búra fún yín pé òun ni,” ó ní. “Ọlọ́wọ́ òsì pọ̀ láyé.”

“Mo mọ̀, sà. Mo kàn rí àyè níbẹ̀ ni.”

Sájẹ́ǹtì ti ọwọ́ bọ àpò, ó fa ẹ̀dà tirẹ̀ jáde, èyí tó ti ń rù kiri láti ọjọ́ tí a lẹ bébà mọ́ ọn. Ó ṣí i sórí káńtà, ó fi ọwọ́ tẹ́ ojú ìwé náà kó má baà ká kò, ó sì na bírò sí Ìyá Kúdí.

“Ẹ bá mi kọ ọ́ sínú tèmi náà.”